Ta Ló Ni Òwúrọ̀?

Aago mẹ́rin ò tíì lù, mo ti wọ bàtà rọ́bà.
Yìnyín bo pápá Winton bí iyọ̀ tí ọmọdé dà nù,
ó ń fọ́ pẹ́pẹ́pẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi.
Irínwó màlúù ló dúró lẹ́nu géètì,
wọ́n ń mí èéfín. Wọn ò béèrè ta ni mò ń ṣiṣẹ́ fún.

Lórí tábìlì nílé, ìwé méjì ń dúró dè mí.
Mo gbé ìkòkò tíì lé ọ̀kan, mo gbé ìgò jáàmù lé èkejì,
torí afẹ́fẹ́ tó ń gba ojú fèrèsé wọlé.

Ọ̀kan ti ọ̀dọ̀ Baba Gilfedder wá:
Máa bá mi ṣe é lọ, Turoa.
Owó á wọlé ní gbogbo Ọjọ́bọ̀,
bí owó wàrà lọ sókè, bó já wálẹ̀.
Ilé tí ò ń gbé, ọ̀fẹ́ ni.
Ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí o fi lọ wo ìyá rẹ ní Ruatoria.
Owó náà ò ní fò lọ. Kò sì ní dàgbà.
Ọmọ tí wọ́n gbé pọ̀n kì í mọ̀ pé ọ̀nà jìn.

Èkejì, ìwé àdéhùn ni, ojú ewé mọ́kànlá.
Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, orí mi wú.
Kí n gba oko onílẹ̀ kan fún ọdún mẹ́ta,
kí n ra màlúù tèmi, ọ̀kadà tèmi,
kí n sanwó fún ẹni tó ń bá mi fún wàrà,
kí n wá máa ṣa sẹ́ǹtì lórí gáráwá kọ̀ọ̀kan.
Níbi tí wọ́n kọ Ọ̀gá sí, ààyè ṣófo.
Mo fi ìka tọ́ ibẹ̀ wò.
Pépà lásán ni. Ó tutù.

Hinerau ti fọwọ́ sí tirẹ̀ lésìí.
A jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni, a jọ ń pín búrẹ́dì jẹ lórí katakata.
Ó wá kí mi ní Sátidé pẹ̀lú ọkọ̀ tó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí lára,
ọwọ́ rẹ̀ ti sán bí èèpo igi,
ó ń rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ ò sì tíì sùn.
Ó ní nígbà tí odò Oreti kún ní oṣù Kẹsàn-án,
ọmọ màlúù mẹ́tàdínlógún ló bá omi lọ.
Báǹkì ò bá a sunkún.
Mo ní, ṣé o kábàámọ̀?
Ó ń yọ erùpẹ̀ lábẹ́ èékánná.
"Bí mo bá sunkún báyìí, ẹkún tèmi ni.
Tẹ́lẹ̀, ẹkún Gilfedder ni mò ń bá a sun,
òun sì ni wọ́n ń tù nínú."
Ó dákẹ́.
"Ṣùgbọ́n mi ò rí ìyá mi láti ìgbà ooru."

Wọ́n ní ohun tó wuni ní í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni.
Mo mọ iye tó wà ní báǹkì.
Ohun tó wù mí gan-an ni mi ò mọ̀.

Lánàá, lẹ́yìn tí iṣẹ́ parí,
màlúù tí nọ́ńbà etí rẹ̀ jẹ́ ọgọ́ta ń rọbí lẹ́bàá wáyà.
Kò sẹ́ni tó rán mi. Aago tó ń ka owó mi ti dákẹ́.
Mo bọ́ kóòtù, mo kúnlẹ̀ sínú ẹrọ̀fọ̀,
mo di ẹsẹ̀ tútù méjì mú,
mo fà, ó tì, mo tún fà.
Nígbà tí ọmọ náà já bọ́, tó sín,
mo rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jogún.
Mo fi koríko nù ún, mo fún un lórúkọ,
ohun tí òfin oko ò gbà.
Gilfedder ló ni ìyá. Gilfedder ló ni ọmọ.
Ta ló ni ọwọ́ tó fà á?

Mi ò tíì dáhùn.
Tíì ti dà sára ìwé kan, mi ò ní sọ èwo.
Bírò mi ti dì nítorí òtútù,
mo fi há abíyá jáde bí ẹyin, kó lè móoru.
Aago mẹ́rin lù. Màlúù ń ké.
Ẹni tó ni òwúrọ̀, kó ṣí géètì.